Ẹ Yé Fi Bọ́ọ̀sì Olówó Pọ́ọ́kú Ṣẹ̀sín

Láàárín àwọn tó fẹ́ràn ìrìn-àjò afẹ́, ọ̀rọ̀ kan ti di òfin tí ẹnikẹ́ni kì í bi léèrè mọ́: ẹni tó gbọ́n kì í bá wọn wọ bọ́ọ̀sì. Wọ́n á ní kí ẹ háyà mọ́tò, kí ẹ jí ní òru, kí ẹ dé ahoro Chichén Itzá, ìlú àtijọ́ àwọn Máyà ní Mẹ́síkò, kí èrò tó dé ibẹ̀, kí ẹ wá sẹnótè, ihò omi abẹ́ ilẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ lọ lúwẹ̀ẹ́, kí ẹ sì wá fi fọ́tò rẹ̀ han àwa yòókù. Ẹni tó bá san owó pọ́ọ́kú fún ìrìn-àjò ọjọ́ kan, tó ń tẹ̀lé amọ̀nà tó gbé àsíá kékeré dání, àgùntàn inú agbo ni wọ́n kà á sí. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ọmọ wa tó wà ní Houston àti Maryland. Físà Amẹ́ríkà tó wà nínú ìwé ìrìnnà wọn ti tó wọn wọ Mẹ́síkò, wọn kò ní gba òmíràn. Wọ́n á lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko ní etíkun Cancún, wọ́n á sì padà láìfojú kan òkúta Máyà kan ṣoṣo, torí pé bọ́ọ̀sì kò bá ipò àwọn mu. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn yìí kò dára, kò sì jóòótọ́, mo sì fẹ́ bá a jà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí à ń jà lé lórí. Ní Cancún àti Playa del Carmen, ilé iṣẹ́ ńlá àti kékeré ló ń ta ìrìn-àjò yìí, lórí fóònù, nínú òtẹ́ẹ̀lì, nídìí tábìlì tí wọ́n gbé sójú pópó. Bọ́ọ̀sì á kó èrò ní kùtùkùtù láti òtẹ́ẹ̀lì kan sí òmíràn, á wá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn fún nǹkan bí 200 kìlómítà títí dé Chichén Itzá ní ìpínlẹ̀ Yucatán. Wákàtí bíi méjì níbẹ̀ pẹ̀lú amọ̀nà, oúnjẹ ọ̀sán tí oníkálùkù ń bù fúnra rẹ̀, ìlúwẹ̀ẹ́ nínú sẹnótè, ìdajì wákàtí ní gbàgede ìlú Valladolid, ó di ilé. Owó tí wọ́n ń kọ síta lè jẹ́ dọ́là 40, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Sẹnótè yìí ni àwọn ihò ńlá tí òrùlé òkúta ẹfun wọn ti jìn, tí omi abẹ́ ilẹ̀ wá hàn nísàlẹ̀, tó tutù, tó mọ́ gaara. Àríwá Yucatán kò ní odò tó ń ṣàn lórí ilẹ̀. Abẹ́ òkúta ni gbogbo omi rẹ̀ ń gbà.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí àwọn ẹlẹ́gàn ń ṣe wà nínú ohun tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀sì wé. Wọ́n ń fi í wé arìnrìn-àjò kan tó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́, tó gbọ́ èdè Sípéènì, tó lè wakọ̀ lójú ọ̀nà tí kò mọ̀ rí, tí kò sì kó ọmọ wẹ́wẹ́ dání. Ẹni yẹn wà láyé, kó máa lọ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì kì í ṣe ẹni yẹn, bí bọ́ọ̀sì bá sì parẹ́ lọ́la, kò ní tìtorí ẹ̀ di ẹni yẹn. Orí àga ìnàyìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi òtẹ́ẹ̀lì ni yóò wà, pẹ̀lú ọ̀já aláwọ̀ tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́ pé kó máa jẹ, kó máa mu. Torí ẹ̀ gan-an ni wọ́n fi kọ́ Cancún. Ìjọba Mẹ́síkò ló dìídì dá ìlú náà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, pẹ̀lú owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ báǹkì ìdàgbàsókè ilẹ̀ Amẹ́ríkà méjèèjì, lórí ilẹ̀ yanrìn etí òkun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní olùgbé, kí owó òkèèrè lè wọlé. Quintana Roo tí ìlú náà wà nínú rẹ̀ kò di ìpínlẹ̀ àfi ní 1974. Àwọn tó mọ ògiri òtẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn, tó ń gbá a, tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀, abúlé Máyà inú Yucatán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Àlejò lè lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, kí ọmọ Máyà máa gbé oúnjẹ wá bá a láàárọ̀ lálẹ́, kó sì padà sílé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ìran Máyà ti parun. Nínú gbogbo ohun tó lè yọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò lórí àga, bọ́ọ̀sì ló rọrùn jù. Àga yẹn ni kí ẹ fi bọ́ọ̀sì wé.

Wọ́n á tún ní mọ́tò háyà ló dín owó kù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Iye táṣẹ́rẹ́ tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà ní ìnṣọ́ránsì tí òfin Mẹ́síkò béèrè nínú; ìdí káńtà ni wọ́n ti ń fi í kún un, òun nìkan sì lè ju owó ọkọ̀ lọ. Ẹ fi epo sí i. Ẹ fi owó tí wọ́n ń gbà lójú òpópónà Cancún sí Mérida sí i, lálọ lábọ̀, àfi bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fẹ́ tó la inú abúlé kọjá pẹ̀lú bọ́m̀pù rẹpẹtẹ. Owó ẹnu ọ̀nà ahoro kò yà ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀: àjèjì tó wọ bọ́ọ̀sì àti àjèjì tó wa ọkọ̀ wá, ó lé ní 600 pésò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, apá kan fún INAH, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú àwọn ohun àtijọ́, apá kejì fún ìpínlẹ̀ Yucatán. Bí ẹni mẹ́rin bá kún inú ọkọ̀ kan, ìṣirò náà lè bára dọ́gba. Bó bá jẹ́ ẹnì kan tàbí méjì, ó ṣòro. Mo gbà pé ẹni tó bá sùn sí Valladolid, tí kò ju nǹkan bí 40 kìlómítà sí ahoro náà, lè wọ dáńfó àwọn ará ibẹ̀ lọ ní owó tí kò tó nǹkan, kó sì gbádùn ara rẹ̀. Etíkun ni ọ̀pọ̀ èrò ń sùn ṣá. (Aago Quintana Roo tún fi wákàtí kan ṣíwájú ti Yucatán. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi àwọn tó háyà mọ́tò bóyá gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n.)

Owó kọ́ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí o. Amọ̀nà ni. Àwọn ẹlẹ́gàn gbà pé òkúta lè sọ ti ara rẹ̀, pé ariwo ni ohùn amọ̀nà jẹ́ létí wọn. Àlejò lójú, kò fi ríran. Àwọn àgbà ti sọ ìyẹn tán. Ahoro tí kò ní amọ̀nà, egúngún tí kò ní atọ́kùn ni. Ẹni tó dá dúró níwájú píramíìdì Kukulcán rí òkìtì òkúta ńlá kan tó rẹwà, tí wọn kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn fún ohun tó lé ní ọdún 15. Ó ya fọ́tò, oòrùn pa á, ó wá ibòji lọ. Amọ̀nà ló máa ní kó ka àtẹ̀gùn: 91 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, ẹ ka pèpéle òkè mọ́ ọn, ó di 365, iye ọjọ́ inú ọdún. Amọ̀nà ló máa sọ pé píramíìdì mìíràn tó ti wà ṣáájú rẹ̀ wà nínú ikùn rẹ̀, àti pé ní àwọn ọdún 1930, wọ́n bá ìtẹ́ kan nínú rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ní àwòrán jágúà, ẹkùn ilẹ̀ wọn, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn, tí wọ́n sì fi òkúta jéèdì ṣe àdíkálà ara rẹ̀. Òun náà ló ń to ogójì ènìyàn síwájú àtẹ̀gùn, tó ń ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìró á sì bọ̀ láti òkè bí igbe ẹyẹ. Wọ́n ní igbe ẹyẹ quetzal ni. Bóyá àwọn tó kọ́ ọ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni o, bóyá ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí. Ẹni tí kò mọ ibi tí yóò dúró sí kò ní gbọ́ igbe kankan tí yóò bá wọn jiyàn rẹ̀.

Ẹ wá wo pápá bọ́ọ̀lù wọn. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 168 mítà, fífẹ̀ rẹ̀ 70, kò sí irú rẹ̀ tó tóbi tó o láàárín gbogbo ahoro agbègbè náà. Òrùka òkúta wà lókè lára ògiri, nísàlẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ àwọn eléré sí, ọ̀kan nínú wọn kò lórí mọ́, ẹ̀jẹ̀ ọrùn rẹ̀ sì ń tú jáde bí ejò. Ẹni tó dá rìn ń kọjá lára àwòrán yìí láìmọ̀, torí pé oòrùn ń dán lára òkúta, ojú kò sì mọ ibi tí yóò wò. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tẹ̀lé àsíá kékeré, ìka amọ̀nà ló ń tọ́ ọ sí orí tó ti gé àti orúnkún tó tẹ̀.

Ìdí kan sì wà tí òkúta Máyà fi nílò agbẹnusọ ju ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ. Àwọn Máyà ní ìwé, wọ́n ní àkọsílẹ̀ tiwọn, wọ́n ń kọ ọ́ sórí èèpo igi. Ní July 1562, ní ìlú Maní, àlùfáà kan láti Sípéènì, Diego de Landa, kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé náà jọ, ó sì dáná sun wọ́n. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, mẹ́rin péré ni ayé mọ̀ lónìí. Mẹ́ta nínú wọn wà ní Dresden, Madrid àti Paris. Ọmọ Máyà tó bá fẹ́ fojú rí àwọn mẹ́ta yìí, ìwé àwọn baba ńlá rẹ̀, bàálù ni yóò wọ̀. Wọ́n tún pàdánù bí a ṣe ń ka àkọsílẹ̀ náà, títí Yuri Knorozov fi ṣí ọ̀nà rẹ̀ padà ní Rọ́ṣíà ní 1952. Nígbà tí ènìyàn bá ní òun kò fẹ́ amọ̀nà, òun á ka pátákó tó wà nínú ọgbà, ìwé tó jóná lọ́wọ́ Landa ni ìbá ti kọ́kọ́ bèèrè.

Wọ́n á ní fóònù ń ṣàlàyé. Ó ń ṣàlàyé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n amọ̀nà tó gba ìwé àṣẹ, tí káàdì ìjọba tí òfin béèrè wà lọ́rùn rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ọmọ agbègbè náà ni. Wọ́n ń sọ Máyà nílé wọn. Ẹ bi í bí ìyá rẹ̀ ṣe ń se ẹ̀wà, ẹ bi í ohun tí àwọn àgbẹ̀ abúlé rẹ̀ ń ṣe nígbà tí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, ẹ ó rí i pé Chaac, òrìṣà òjò tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri, kò tíì fẹ̀yìn tì. Ètò ìkànìyàn Mẹ́síkò ti ọdún 2020 ka ohun tó lé ní 700,000 ènìyàn tó ń sọ èdè Máyà Yucatán. Ohun tí mo ń wí ni pé ọ̀kan nínú wọn wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn, ó di gbohùngbohùn mú, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti dáhùn ìbéèrè yín. Ibo lẹ tún ti fẹ́ rí i ní dọ́là 40?

Mo bọ́ sórí ẹ̀sùn tó ń bí mi nínú jù. Nínú ọgbà Chichén Itzá, àwọn oníṣòwò tẹ́ ọjà sẹ́bàá ọ̀nà: agọ̀ igi, ọ̀bẹ òkúta dúdú, àwọ̀n ìsùn, fèrè kékeré tó ń bú ramúramù bíi jágúà, tí ọmọdé kankan kì í lè kọjá láìfẹ́ rà. Àwọn ẹlẹ́gàn ní wọ́n ti ba ibẹ̀ jẹ́, ó ti di ọjà. Ta ni àwọn tó ń tajà náà? Àwọn ará Pisté, ìlú tó wà nítòsí ahoro náà, ni, àti àwọn abúlé tó yí i ká, ìran Máyà.

Ẹ wá gbọ́ ìtàn ilẹ̀ tí àwọn ẹlẹ́gàn fẹ́ kí àwọn oníṣòwò náà kúrò lórí rẹ̀. Ní 1894, Edward Herbert Thompson, aṣojú Amẹ́ríkà ní Yucatán, ra oko ńlá tí gbogbo ahoro náà wà nínú rẹ̀. Láti 1904 ló ti gbé ẹ̀rọ wá, ó ń wa ìsàlẹ̀ sẹnótè mímọ́ tí àwọn Máyà ti ń rúbọ fún òjò. Wúrà ló rí kó, jéèdì, tùràrí, àti egungun ènìyàn, ó sì fi ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Peabody ní Harvard. Yorùbá tó mọ ohun tí odò Ọ̀ṣun jẹ́ kò nílò kí n ṣàlàyé ìyẹn síwájú sí i. Ní 1926, ìjọba Mẹ́síkò gbé Thompson lọ sílé ẹjọ́. Ó kú ní 1935. Ní 1944, ilé ẹjọ́ dá àwọn àjogún rẹ̀ láre. Ilẹ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ ìdílé Barbachano, àwọn onílé ìtura, ọwọ́ wọn ló sì wà títí ìpínlẹ̀ Yucatán fi rà á padà ní 2010. Fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ píramíìdì àwọn Máyà jẹ́ ti ẹni tí kì í ṣe Máyà. Ẹni tó fi ẹ̀rọ kó ẹbọ inú omi lọ, olùwádìí ni ìwé ń pè é. Ẹni tó ń ta agọ̀ igi lẹ́bàá oko baba rẹ̀, ìdíwọ́ ni. Èyí tí àwọn akọni aláàárọ̀ sì fi ń yangàn jù ni pé àwọn wọlé, àwọn jáde kí àwọn oníṣòwò tó pàtẹ. Ìyẹn ni pé wọ́n rí ilé, wọn kò rí onílé, wọ́n sì kà á sí oríire.

Ti sẹnótè tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ibi tí wọ́n ń pè ní àìmọ̀ yẹn, àwọn tó ni ilẹ̀ ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Fọ́tò kan á sì jáde lórí Instagram, ọkọ̀ ogójì á dé lóṣù tó tẹ̀ lé e, síbi tí kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ omi. Ní sẹnótè tí bọ́ọ̀sì ń lọ, wọ́n máa ń ní kí ẹ kọ́kọ́ wẹ̀ kí ìpara oòrùn lè ṣí lára yín, kí ẹ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, ẹni tó ń ṣọ́ omi sì wà. Àwọn ẹlẹ́gàn ń fi èyí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n omi abẹ́ ilẹ̀ Yucatán so kọ́ra: ní 2018, àwọn òmùwẹ̀ rí ibi tí ihò omi Sac Actun ti já sí ti Dos Ojos nítòsí Tulum, àpapọ̀ méjèèjì sì jẹ́ nǹkan bí 347 kìlómítà. Ohun tí ẹ bá jẹ́ kó bọ́ sínú ọ̀kan kò dúró síbẹ̀. Abẹ́ òkúta yẹn náà ni Mérida àti Cancún ti ń fa omi mu. Bí ogójì ènìyàn yóò bá lúwẹ̀ẹ́ lónìí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ níbi tí ilé ìwẹ̀ wà, kí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo sì gbé wọn dé ibẹ̀.

Bọ́ọ̀sì náà ní àléébù tirẹ̀, mi ò ní fi bò. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n máa ń yà wà lójú ọ̀nà, wákàtí kan lè ṣòfò síbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fún yín ní tequila tọ́ wò, tí wọ́n sì ti ń ta ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí yín sí ní àmì Máyà. Owó tí wọ́n kọ síta kì í sábà ní owó ẹnu ọ̀nà nínú. Inú bọ́ọ̀sì ni ẹlòmíràn ti ń gbọ́ ìyẹn. Ohun mímu tí ẹ bá fi jẹun, ẹ ó san án. Ẹ̀tàn ni èyí tí wọn kò bá sọ ṣáájú nínú wọn, kò sì sí àwáwí kankan tí mo ní fún un. Ṣùgbọ́n ta ló bí i? Àwa tó ń wá iye tó kéré jù lọ lórí fóònù ni. Ilé iṣẹ́ tó bá kọ dọ́là 55 síta, tó fi gbogbo owó sínú rẹ̀, ẹ ó fò ó kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ 30. Ẹni tó kọ 30 kò lè san owó ọ̀yà tó dáa fún amọ̀nà, amọ̀nà sì máa jẹun. Kọmíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù ni yóò jẹ. Ìwọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹ lò níwájú ìgò tequila yẹn, ẹ̀yin lẹ tà á fún ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí ẹ sanwó. Àwọn ẹlẹ́gàn ní torí èyí kí ẹ má wọ̀ ọ́ mọ́. Èmi ní kí ẹ fi dọ́là 25 lé e. Kí ẹ tó san, ẹ bèèrè bóyá owó ẹnu ọ̀nà wà nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú mélòó ni ti ṣọ́ọ̀bù, bóyá amọ̀nà ní káàdì àti owó ojúmọ́. Ẹni tí kò bá rí ìyẹn dáhùn wéré, ẹ kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì ṣú, ẹ fi nǹkan sọ́wọ́ amọ̀nà àti awakọ̀. Láti aago mẹ́rin òwúrọ̀ ni wọ́n ti lè jí.

Pé wákàtí méjì kò tó wo Chichén Itzá? Ọdún méjì kò tó ẹni tó ń ṣèwádìí. Fún ẹni tó mú ọmọ ọdún mẹ́jọ dání nínú oòrùn ọ̀sán Yucatán, wákàtí méjì ti pọ̀ jù. Ní ti ìṣẹ́jú 45 tí wọ́n ń fún yín nínú sẹnótè, kí ẹni tó ń ráhùn kọ́kọ́ lò ó tán nínú omi náà kí eyín rẹ̀ má gbọ̀n.

Ní báyìí, ìmọ̀ràn tuntun ti dé: ẹ fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀, ẹ wọ Tren Maya, rélùwéè tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní December 2023. Mi ò bá rélùwéè jà. Ṣùgbọ́n kì í sọ yín sẹ́nu ọ̀nà ahoro, ọkọ̀ mìíràn lẹ ó tún wọ̀, amọ̀nà kò sì sí nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń sọ pé bọ́ọ̀sì ń ba ẹwà àdáyébá jẹ́ ló sì wà nínú àwọn tó ń yìn ín jù. Kí ojú irin náà lè kọjá láàárín Playa del Carmen àti Tulum, wọ́n gbé e sórí òpó, wọ́n sì lu òpó irin tí wọ́n rọ kọnkéré sínú rẹ̀ já òrùlé àwọn ihò abẹ́ ilẹ̀, wọ inú omi kan náà tí à ń sọ. Àwọn òmùwẹ̀ ti ya fọ́tò àwọn òpó náà. Bọ́ọ̀sì olówó pọ́ọ́kú kò rì òpó kankan mọ́ inú omi ẹnikẹ́ni.